Taya Tó Di Tìmùtìmù Kéèkì

Ní Port Augusta, ní ilẹ̀ Australia, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Mervyn Hollis kì í ra nǹkan wàràwàrà. Bàtà lásán, á fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó kó tó sanwó. Nígbà tí Tegan ọmọ rẹ̀ wá ránṣẹ́ pé inú oko màlúù tí òun ti ń ṣiṣẹ́, lókè Oodnadatta, ni òun yóò ti ṣègbéyàwó, Coral ìyàwó Mervyn bẹ̀rẹ̀ sí í se kéèkì eléso. Merv ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá taya fún tírélà kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn.

Ọ̀nà náà kò ní ọ̀dà, òkúta ibẹ̀ sì mú bí abẹ. Inú tírélà ni kéèkì yóò wà. Bó bá fọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà láàárín màlúù.

Clarrie aládùúgbò wọn bá Merv jiyàn títí ọtí fi tán lágolo. Ó ní kó ra èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, kó sì máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ bó bá ti dé orí òkúta. Merv gbà, àmọ́ ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un: taya tírélà àti ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí sípéà ọkọ̀, ìyẹn taya àfirọ́pò, lè sin àwọn méjèèjì. Obìnrin tó ta taya fún un bi í bóyá ihò ríìmù wọn dọ́gba. Merv fèsì pé òun ti ń fa tírélà kí wọ́n tó bí obìnrin náà. Nígbà tó délé, ó ní kí Coral ju sípéà àtijọ́ tírélà nù.

Lọ́jọ́ kejì Merv béèrè bóyá ó ti jù ú nù.

Coral ní, “Mo ti gbé e kúrò lójú ẹ.”

Wọ́n ti kọjá William Creek nígbà tí òkúta kan la taya tírélà. Inú Merv fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó fi jáàkì gbé tírélà, ó tú nọ́ọ̀tì, ó sì yí sípéà ọkọ̀ wá pẹ̀lú ìgbéraga. Ihò mẹ́fà ló wà lára ríìmù sípéà. Bóòtù márùn-ún ló yọrí lára tírélà. Ó yí taya náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó ń retí kí bóòtù kan hù sí i.

Coral yọjú lójú fèrèsé. “Bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Merv. Bóyá ojú ló ń tì í.”

Merv tún yí taya náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Coral bá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí tírélà, ó sì gbé àpótí kéèkì. Sípéà àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí Coral fi kúbùsù wé bí ọmọ tuntun.

Ó ní, “Kéèkì nílò tìmùtìmù. Kò sóhun tó ń mì jẹ́jẹ́ bí i taya nílé wa.”

Ihò márùn-ún. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Merv dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Clarrie ṣe wí, ó wé sípéà ọkọ̀ náà ní kúbùsù fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó sì gbé kéèkì lé e lórí. Ó wá rọra wa ọkọ̀ débi pé emu kan, ẹyẹ ńlá tí kì í fò, sáré kọjá wọn.

Kéèkì gúnlẹ̀ láìsán. Tegan, tó ti gbọ́ ìròyìn taya náà lórí fóònù títí ó fi sú u, béèrè bí taya náà ṣe ṣe dáadáa sí lójú ọ̀nà.

Merv ní, “Ó lágbára gan-an. Ó gbé ẹrù.”

Coral kàn ń tú kúbùsù kúrò lára sípéà abẹ́ kéèkì.