Òṣùpá Tí A Fi Asẹ́ Wò

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù Ọ̀wàrà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nígbà tí asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Màdáámù. Ilẹ̀ páálọ̀ ni wọ́n jókòó sí, nínú aṣọ pupa.

Ará Íńdíà ni Màdáámù àti ọkọ wọn, Àpápá ni wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá àgbà mi ló ń se oúnjẹ fún wọn. Èmi àti Ìyá àgbà máa ń ti Ajégúnlẹ̀ wá. Àjọ̀dún wọn kan ló bọ́ sí ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ àjọ̀dún yìí, ìyàwó tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹun, kì í mumi láti ìdájí, kí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ lè gùn. Tí òṣùpá bá yọ, á fi asẹ́ wò ó, á sì fi asẹ́ náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ á wá fún un lómi. Ṣùgbọ́n ìkùukùu bo ojú ọ̀run, Màdáámù sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti ní kí wọ́n má gbààwẹ̀. Àìsàn ti dá ọkọ wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún náà, ìyẹn ni wọn ò fi gbọ́.

Ọkọ wọn kúnlẹ̀ tì wọ́n pẹ̀lú ife omi, wọ́n kọjú sí Ìyá àgbà. “Màmá, ẹ bá mi sọ fún un. Ní Íńdíà, wọ́n ti rí òṣùpá, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn.”

“Ṣé Íńdíà ni ọkọ mi wà ni?” Ohùn Màdáámù ti lọ sílẹ̀.

Mùsùlùmí ni Ìyá àgbà, wọ́n mọ ohun tí ààwẹ̀ ń ṣe lára. “Òṣùpá tiyín yìí ní yàngà o. Tiwa, ìrọ̀lẹ́ ló ti ń yọjú.”

“Ó ṣì ń kun páúdà ni, Màmá.” Màdáámù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni orí wọn bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá àgbà gbé àpótí lọ sí bákónì, wọ́n gun orí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Òórùn dísù ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tírélà tó tò sójú títì. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò: ìkùukùu ni mo rí, àti iná èbúté.

“Mo rí i,” ni Ìyá àgbà wí.

“Ojú yín fúnra yín?” ni Màdáámù béèrè láti páálọ̀.

“Ojú mi yìí.”

Ọkọ gbé Màdáámù dìde wá sí bákónì. Màdáámù na asẹ́ síbi tí ìka Ìyá àgbà ń tọ́ka sí, wọ́n yí i sí ojú ọkọ wọn, wọ́n sì mumi.

Tó bá jẹ́ ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì, Ìyá àgbà kì í jẹ́rìí òṣùpá tí wọn ò bá rí. Lọ́dún kan, gbogbo àgbàlá wa ló ní àwọn ti rí i, Ìyá àgbà ní, “Èmi ò rí i ní tèmi.” Ìdí nìyẹn tí mo fi bi wọ́n léèrè bí a ṣe ń lọ sílé, láàárín àwọn tírélà: “Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ lẹ rí i?”

“Màdáámù ti mumi,” ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì dì mí lọ́wọ́ mú ká sọdá.

Mo ti kàwé gboyè báyìí, ìdáhùn yẹn ṣì wà lọ́kàn mi nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ojú òun ló rí nǹkan. Mo kúrú nígbà náà, irin bákónì sì ga. Bóyá ìkùukùu là díẹ̀ níbi tójú mi ò dé. Bóyá kò là. Ìyá àgbà ti kú, mi ò lè bi wọ́n mọ́. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé èmi ni mo gbé ife náà padà sí ilé ìdáná, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.