Ìyá Níwájú-Mi

Lọ́yà ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n Ìyá Níwájú-Mi ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe! Ìwé yòówù tí wọ́n bá gbé wá pé kó lù ní òǹtẹ̀, gbólóhùn kan ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ó fọwọ́ sí i níwájú mi." Àwọn lọ́yà yòókù kì í béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Kí ìwé ṣáà ti dé, gbàmù, òǹtẹ̀ ti balẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀. "Ẹni náà dà?" ni tirẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá wọn wọlé tòun ti oníbàárà kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọ̀gá yìí ló kọ́ Ìyá Níwájú-Mi níṣẹ́, ó sì ti gbà á síṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó gbé ìwé kalẹ̀: ìyá arúgbó kan fi ilé rẹ̀ ta àkọ́bí rẹ̀ lọ́rẹ. Ìtẹ̀ka aláwọ̀ aró wà nísàlẹ̀ ìwé.

"Ìyá náà dà, sà?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ń dun màámi. Àtẹ̀gùn yín sì ga."

"Tèmi ò dùn mí. Ẹ jẹ́ á lọ bá wọn nílé."

"Ìwọ obìnrin yìí," ọ̀gá ní, "mo mọ ìdílé wọn. Lu òǹtẹ̀, ká rìn!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, sà. Orúkọ tèmi ló wà lára òǹtẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Tó ò bá lè ṣe é, kó ẹrù ẹ."

Ọmọ méjì ló wà lọ́rùn Ìyá Níwájú-Mi, òun nìkan ló ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kó tó ro ó tán, ó ti dìde. Ó ju òǹtẹ̀ sínú báàgì, ó mú ìwé náà, ó wo àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀, ó bọ́ sóde. Oníbàárà ń sáré tẹ̀ lé e, bàtà dídán ń han!

Òpópónà kejì ni ilé wà. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, abọ́ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òjò ń kán sí láti òrùlé, tó, tó, tó. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì dúdú fún aró.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Lọ́yà ni mí. Kí lẹ tẹ̀ka sí?"

"Ìwé òrùlé ni. Ọmọ mi ní wọ́n á bá mi tún un ṣe. Ojú mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí mi pé. Bá mi kà á."

Ó kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíì. Ọmọ ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé mo ti kú ni," ìyá béèrè, "tó o ti ń jogún mi?"

Ìyá Níwájú-Mi padà, ó fi ìwé sórí tábìlì ọ̀gá láìlu òǹtẹ̀. "Ìwé òrùlé ni ìyá náà rò pé èyí jẹ́, sà. Mo bi wọ́n léèrè."

"Mo ti sọ ọ́: kó ẹrù ẹ," ni ọ̀gá wí. Ìyá Níwájú-Mi mú ife rẹ̀, ó kó àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Òǹtẹ̀ ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè.

"Orúkọ mi ló wà lára ẹ̀, sà. Ibi tí mo bá ń lọ ló ń lọ."

Lónìí, yàrá kékeré kan ló fi ṣe ọ́fíìsì, nísàlẹ̀ pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, gàdàgbà: ÌYÁ NÍWÁJÚ-MI. KÒ SÍ ÀTẸ̀GÙN NÍBÍ.