Ewé Kékeré Abẹ́ Àwo Ìyá Mi

Òórùn kánfọ̀ ni yàrá ìyá mi máa ń rùn nílé wa ní Warri, torí kánfọ̀ ló fi ń lé aáyán kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó kó àwo tánganran rẹ̀ sí. Àwo méjìlá ni, pẹ̀lú ìkòkò tíì kan. Ìyàwó òyìnbó elépo rọ̀bì kan tí màmá ń ránṣọ fún ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn. Òun náà ló sọ ìtàn rẹ̀: ìdílé kan ló dá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Egungun màlúù ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, kí wọ́n tó pò ó mọ́ amọ̀ funfun. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kun òdòdó ara rẹ̀ á ya àmì tirẹ̀ sábẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́. Ewé kékeré kan ni àmì tiwa. Bí màmá bá gbé àwo sójú fèrèsé, mo máa ń rí òjìji ìka rẹ̀ láti òdìkejì. Tó bá fi èékánná ta á, á dún bí agogo.

Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí obìnrin wa tó ń yáni láwo láìfi ọ̀dà sàmì sábẹ́ rẹ̀. Màmá kọ̀. Ó ní òun ò lè da ọ̀dà bo iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ìjọ wa yá àwo méjèèjìlá láti fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù lálejò. Àwo mìíràn ló dá padà, olódòdó pupa bíi tiwa, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kú bí ti igbá. Màmá gbé ọ̀kan lọ bá a lẹ́yìn ìsìn. Ìyá ìjọ wo àwọn obìnrin tó yí i ká, ó ní, "Àwo rẹ kọ́ nìyí? Ọ̀dà rẹ dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "This woman dey lie too much." Òpùrọ́ ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín ló ti fi àga rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, ìyá ìjọ pé ọgọ́rin ọdún, ó pè wá sílé rẹ̀ ní Effurun. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan ló kó àwo jáde. Mo jẹun tán, mo yí tèmi dé. Ewé kékeré rèé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, mo gbé ìkòkò tíì wá.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹ gbà, Mà. Èyí ló ṣẹ́kù nínú ẹrù ìyá mi. Mo ní kó wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀." Mo dojú ìkòkò dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Àwọn ìyá àgbà sún mọ́ ọn, wọ́n ń wo ewé méjèèjì.

"Ọmọ mi," ìyá ìjọ ní, "ó mà ti pẹ́."

"Ọ̀dà ìyá mi tí ẹ bèèrè nìyẹn, Mà."

Obìnrin tó pe màmá ní òpùrọ́ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ lanu. "So na true she talk."

Wọ́n ní ó yẹ kí n torí ọjọ́ orí ìyá ìjọ forí jì í. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi dé eegun. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé màmá ò sí níbẹ̀. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó sórí àga màmá níwájú. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.