Ọjọ́ Tí A Kí Tíṣà Òyìnbó

Lọ́jọ́ tí kíláàsì mi ní Odode fẹ́ bá kíláàsì kan nílùú òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àtàárọ̀ ni mo ti ń bínú. Mo bínú sí nẹ́tíwọ̀kì, mo tún bínú sí àwọn òkè tó yí wa ká pé àwọn ló ń dí i lọ́nà. Mo to àwọn ọmọ síwájú kámẹ́rà, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira.

Bí tíṣà kíláàsì òyìnbó náà, bàbá onírùngbọ̀n funfun, ṣe yọjú báyìí, àwọn ọmọ mi pariwo, "Ẹ káàárọ̀, Sà!" Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ní ògiri nìkan lòun ń rí, bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo fẹ́ jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní ilẹ̀ ni wọ́n wà, òun ni wọ́n ń kí, bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá dùn. Bàbá náà àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bi wá léèrè Òkè Ìdànrè, a bi wọ́n léèrè yìnyín. Nígbà tó yá, mo bọ́ síwájú kí n dágbére. Lójijì, mi ò rí ẹnì kankan mọ́. Àga lásán ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

Mo figbe ta: "Nẹ́tíwọ̀kì burúkú yìí ti lọ!"

Ni àwọn ọmọ mi bá bú sẹ́rìn-ín. "Kò lọ o, Mà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kí."