Akọni Tó Fẹ́ Mu Àgbo Láìjẹun

Lọ́jọ́ tí mo di apoògùn inú eré kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi kí oòrùn tó mú. Ọmọ mi Ráfíátù ló mú mi lọ sí àdúgbò Zone 4 nílùú wa, níbi tí òun àtàwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe eré tí akọni kan ń rìn kiri igbó, tó ń bá ẹranko abàmì jà. Akọni yìí a máa yà ní ṣọ́ọ̀bù apoògùn láti ra oògùn. Apoògùn náà kò ní ohùn, ni Ráfíátù bá ní ohùn ìyá òun tó ń ta àgbo ní ọjà Adjamé ló máa bá a mu. Wọn ò tíì gba ọmọ náà síṣẹ́ tán. Bí mo bá ba nǹkan jẹ́, òun lojú máa tì.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú mi. Yao, ọ̀gá wọn, ọmọ Baoulé tó dàgbà sáàárín àwa Yorùbá ní Treichville, ní gbólóhùn kan péré ni mo máa sọ: “Gbà, mu ún.”

Mo ní, “Kí ló ń ṣe ẹni tó fẹ́ mu ún?”

“Dírágónì ló bù ú jẹ, Tantie.” Bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí nìyẹn.

“Ó ti jẹun?”

Yao wo Ráfíátù. Ráfíátù ń wo ilẹ̀. Yao ní, “Tantie, kì í jẹun. Akọni ni.”

Mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Ọkùnrin yẹn ń da àgbo sọ́fun nígò nígò lójú ìjà, kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹ̀kọ. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn kì í ta àgbo líle fún ẹni tí ebi ń pa. Ó ní bó bá dá a wó, ẹni tó tà á ni wọ́n máa bú.

Mo ní mi ò lè sọ ọ́.

“C'est jeu, Tantie. Eré lásán ni. Àbí ká wá ẹlòmíì?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ráfíátù wí. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dùn mí wọra.

Mo bá súnmọ́ ẹ̀rọ náà, mo ní, “Gbà, mu ún.” Ọlọ́run mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró, àmọ́ ẹnu ọlọ́jà kì í gbọ́ dúró: “O ti jẹun? Wò ó, gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Lọ jẹ attiéké ná, kó o padà wá.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Yao rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀rọ̀ yẹn. Báyìí, akọni tí kò bá jẹun, apoògùn kì í tà fún un. Ráfíátù ló ya àwòrán àwo attiéké àti ẹja tó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ pátápátá. Inú mi dùn jù ú lọ.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí eré náà jáde, ọ̀dọ́kùnrin kan wá sí ìsọ̀ mi láti Yopougon, ibà ló ń ṣe é. Mo ní, “Kí ló dé, ọmọ mi?” Ó gbọ́ ohùn mi, ó tún mi wò dáadáa, ló bá fọwọ́ lé ikùn.

“Tantie, mo ti jẹun. Mo búra.”

Mi ò gbà á gbọ́. Mo nawọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ tó wà lódìkejì, ó sì gba ibẹ̀ lọ.