Ẹni Tí Wọ́n Ń Kí Kú Ilé

Nílé wa ní Gounghin, àdúgbò kan ní Ouagadougou ní Burkina Faso, tí bàbá mi bá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, á fọn fèrè moto rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá wà nílé á sáré lọ ṣílẹ̀kùn, á gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, sà." Bàbá á dáhùn pé, "O kú ilé o." Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi ti wá, bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe é ní Ouaga níbi tí wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò sì dùn mí rí. Ìgbà tí ilé di ibi iṣẹ́ mi ni mo tó mọ̀ pé ìkíni lásán lè gún èèyàn bí abẹ́rẹ́.

Síìtì ni mo ń ṣe, ìyẹn ojú ewé tí àwọn èèyàn ń rí lórí fóònù wọn tí wọ́n bá ń wá ọlọ́jà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́. Mi ò kàwé jìnnà. Ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ìwé sú mi, tàbí kí n sọ òótọ́, èmi ni mo sú ìwé. Inú fídíò ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, láàárín ṣéènì àti búréèkì. Moto là ń pe alùpùpù níbí, gbogbo ìlú ló sì ń gùn ún. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀yà ara moto, ebi ò lè pa á. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ́kàn fún mi kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

Fún ìgbà pípẹ́, mo ń ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ń ta ṣéènì lójú ọ̀sán, mo ń ṣe síìtì nígbà tí ojú bá ti ń kún fún oorun, kò sì sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ni mo bá lọ bá Bàbá níbi tó ti ń jẹun.

"Bàbá, láti ọjọ́ Ajé, mi ò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

"Bíúrò wo, ọ́fíìsì wo, ló gbà ọ́?"

"Kò sí bíúrò, sà. Èmi fúnra mi ni mo gba ara mi síṣẹ́."

Ó wo ìyá mi bí ẹni pé kó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ Mọ̀ọ́sì, ìyẹn àwọn onílẹ̀ níbí, ni ìyá mi, àmọ́ ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ.

"Ìwọ lọ̀gá, ìwọ náà lọmọṣẹ́?" ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí ọmọṣẹ́ bá wá sùn gbàgbé, ta ni yóò jí i?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé kì í ṣe àwàdà ni Bàbá ń ṣe.

Kò pẹ́ tí agboolé fi mọ̀ pé ẹnì kan ti wà láàárín wọn tí kì í jáde lọ síbì kan. Obìnrin Nàgó kan wà ní yàrá kejì sí tiwa, Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin, tó máa ń lọ ta àlòkù aṣọ láàárín ìlú. Òun ló kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. "Ọkọ mi, bá mi gba omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke omi. Ṣèbí ilé lo wà." Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà ló gbé kaná. "Tó bá ti ń gbẹ, bomi sí i. Ṣèbí ilé lo wà." Ẹlòmíràn fi aṣọ tó sá sórí okùn lé mi lọ́wọ́, nítorí eruku. Ẹlòmíràn fi àgùntàn. Bí mo bá ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á wo kọ̀ǹpútà, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀. Kò ní pẹ́."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú ní àdúgbò Paspanga pè mí. Wọ́n ti júwe mi fún un, ó fẹ́ kí n ṣe síìtì fún òun. Ó ní, "Ṣé ẹ wà ní bíúrò?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àkùkọ obìnrin Nàgó yẹn kọ lábẹ́ àga mi.

"Àkùkọ ló ń kọ ní bíúrò yín?"

"Alábàáṣiṣẹ́ mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Iṣẹ́ aláwò yẹn ló bí ìjà. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, kúrán, iná mànàmáná, ti lọ láti òwúrọ̀, nínú ooru oṣù kẹrin tí páànù orí ilé ń ró pá, pá, bí ẹni ń ju òkúta lù ú. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́. Tí kúrán bá ti lọ, ó parí. Mo gbé e kiri àdúgbò, mo bẹ télọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúnáwá, mo jókòó sáàárín àjákù aṣọ àti ariwo ẹ̀rọ títí mo fi ṣe é tán. Aláwò yẹn wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó pè mí, ó ní ó dà bí ti àwọn ńláńlá. Mo padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ lẹ́nu mi, mo ń retí ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Fèrè moto dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré ṣí géètì. Bàbá mi kò dá wá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti mọ́sálásí ni. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"O kú ilé o."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn, tó ń ta táyà, pàtẹ́wọ́. "Ó mà kú ilé lóòótọ́! Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Kí lo sè dè wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀ báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì.

"Ẹ má kí mi kú ilé mọ́," ni mo wí. Mo ti dìde nílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n dìde. "Mo ṣiṣẹ́ lónìí. Mo ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn."

Onítáyà yẹn ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá mi ṣí fìlà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dé e padà.

"D'accord," ló wí, pé ó dáa.

Bàbá mi kì í sọ Faransé nínú ilé. Àwọn aṣọ́bodè ló ń sọ ọ́ fún, àti àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò fọn fèrè mọ́. Tó bá dé ẹnu géètì, á pa moto, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, á ti moto wọlé. Èmi yóò ti inú yàrá sáré jáde, á ti wọlé tán. Mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," á sì mi orí, á kọjá. Orókùn ọ̀tún ń dùn ún. Moto yẹn wúwo, ẹnu géètì sì ga. Kí bàbá èèyàn máa ti moto lójú agboolé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nílé! Obìnrin Nàgó yẹn kò bú mi. Tó bá ti di àkókò yẹn, á kàn yíjú sí ògiri.

Ìyá mi ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́. Kó o sì máa lọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kó o máa ṣe tìẹ lọ́sàn-án."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Màámá. Iṣẹ́ méjì ló di ààbọ̀-ààbọ̀."

Kò jà mí níyàn. Ní gbogbo àárọ̀, tó bá ń kọjá lọ síbi ìdáná, á dúró, á kí mi kú iṣẹ́ ní Mòórè, èdè tirẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé "Barka," ìyẹn ẹ ṣé. Ó ń tù mí lára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo ń wò.

Mo lọ bá Bàbá lẹ́yìn ìrun àárọ̀, nígbà tó ṣì jókòó sórí ẹní, tó ń fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé wàá wá sí ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì?"

"Ẹnu mi ni, sà. Ẹnu tí mo là sí yín lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín."

"Iṣẹ́ ń kọ́?"

"Iṣẹ́ kò sí lára ẹ̀, sà."

Tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo dìde, mo jáde. Mo kábàámọ̀ ohùn tí mo fi sọ ọ́, mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ. Bó ṣe wà nínú mi nìyẹn títí dòní, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo gbé tábìlì mi jáde kúrò nínú yàrá. Mo gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo na wáyà kúrán gba ojú fèrèsé. Tí wọ́n bá ní ilé ni mo wà, kí wọ́n wá wo ohun tí mo ń ṣe nílé.

"Ọkọ mi," ni obìnrin Nàgó yẹn wí, "o fẹ́ máa bá wa ṣọ́ géètì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sì máa mú kọ́kọ́rọ́ yín dání láti òní lọ."

"Háà! Ó ti di ọ̀gá."

"Mo ti jẹ́ ọ̀gá tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí aṣọ, ó lọ. Àkùkọ rẹ̀ kò lọ ní tirẹ̀, a jọ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ojú títì ń yọjú. Àwọn kan ń ṣẹ̀fẹ̀, pé mo gbé ìyà mi síta kó lè gbẹ. Mi ò wọlé. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá gbúròó moto Bàbá, mo ń sáré síbi géètì, òun náà ń yára sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ wa máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lára irin ilẹ̀kùn. Òun ló máa ń ṣáájú mi. Àmọ́ mo ń bá a ti moto láti ẹ̀yìn, kò sì lé mi.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí alàgbà kan wọlé, tó ń nu òógùn. Aláṣọ ni, ó ti wà ní Zangouettin láti ìgbà èwe rẹ̀ kí ìjọba tó wó àdúgbò náà. Láti ìgbà náà, ó ní òun ti kó ẹrù kiri bí ológbò tó ń kó ọmọ.

"Àwọn oníbàárà mi ṣì ń lọ síbẹ̀," ló wí. "Wọ́n á dúró lórí ilẹ̀ gbalasa, wọ́n á máa béèrè mi lọ́wọ́ atẹ́gùn. Ìwọ ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò lè wó?"

"Èmi ni, sà. Ibi yòówù kẹ́ ẹ kó lọ, inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀."

"Bàbá ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà. "Bàbá mi?"

"Òun ló júwe ẹ fún mi. Mo ní, ṣé mo máa bá a tí mo bá lọ? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ wọn kì í gbélẹ̀. Ó ní ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ ni kí n wá. Ó ní ọmọ òun kì í kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀."

Mo béèrè pé kó tún un sọ. Ó wò mí bí ẹni pé etí mi di, ó tún un sọ.

A ṣì ń yan àwọ̀ tó fẹ́, tó ń ní pupa, tó tún ń ní rárá, aró ni, nígbà tí fèrè moto dún lẹ́nu géètì. Lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbàgbé bàtà mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu, mo gba àpò, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Bàbá mi jókòó lórí moto rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo alàgbà aláṣọ, ó kí i kú ìjókòó. Ó wo tábìlì, ó wo wáyà tó gba ojú fèrèsé, ó wo àkùkọ. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"O kú ilé o," ló wí.

Kò yí i padà. Èmi náà kò yí padà. Mo ní, "Hẹn, sà," mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi, mo sì padà sídìí tábìlì mi, níbi tí ẹni tó bá ń wá mi ti ń bá mi.