Àròkọ Tí Làtífù Tún Ṣe

Àṣìṣe méje ló mú Làtífù mọ Noah. Ọdún tí Amẹ́ríkà gbógun lọ sí Iraq ni. Làtífù rí ìwé ìròyìn kékeré kan, Old Furrow, ní láíbìrì tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ní Mission Bend, lẹ́bàá Houston, ó sì kà á tán lórí ìdúró. Kọnsáfétífù ni àwọn tó ń kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn ẹbí àti ìjọsìn, wọn kò fẹ́ kí ìjọba máa tọwọ́ bọ gbogbo nǹkan, bíi ti Làtífù fúnra rẹ̀. Àmọ́ wọ́n lòdì sí ogun náà nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mùsùlùmí ni Làtífù, ó sì ti rò pé òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn. Kó tó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ní Houston, iṣẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn ni kó máa yẹ ìwé ìròyìn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ó to àṣìṣe méje tó rí nínú ìwé náà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Noah, olóòtú ìwé náà, pè é láti League City, ìlú kan tí kò jìnnà sí Houston, ó ní kó máa bá òun yẹ ìwé náà wò. Láti ọjọ́ náà, fún ogún ọdún, kò sí ẹ̀dà kan tó jáde tí Làtífù kò kọ́kọ́ kà. Àwọn ọ̀rẹ́ Noah àtijọ́ ti pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí ogun náà, wọ́n sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, Làtífù àti Simbiat ìyàwó tiẹ̀ ló ń lọ bá a jẹun.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni àwọn tó kù nídìí ìwé náà pín sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sọ pé àwọn tí wọ́n sin baba ńlá wọn síbẹ̀ nìkan ló ni Amẹ́ríkà. Noah ti darúgbó, àwọn wọ̀nyí ló sì ń mú òǹkàwé wá. Ní ọjọ́ kan, àròkọ wọn kan dé ọwọ́ Làtífù. Àròkọ náà ní àwọn tó wá láti Áfíríkà, pàápàá àwọn mùsùlùmí, kò lè di ará ìlú láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ ní ìwé ọmọ onílùú.

Simbiat ní kó dá a padà bó ṣe wà. Làtífù jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ibì kan wà tí gbólóhùn kò já gaara. Ó tún ìyẹn náà ṣe, kó lè yé èèyàn.

Noah pè é. “Làtífù, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí.”

“Èmi gan-an ni, sà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó ní òun fẹ́ kọ èsì. Noah gbà. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò gbà, Noah kò sì bá wọn jà. Làtífù fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yọ Noah náà kúrò nípò olóòtú. Ó pe Làtífù ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Làtífù rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, kò gbé e. Ó ní òun á pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí inú òun bá rọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni Olivia, ọmọ Noah, pè pé rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá òun, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Làtífù fi ń wa ọkọ̀ lọ sí League City ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Noah a di ọwọ́ Làtífù mú, omi a máa dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a máa mì, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Làtífù a máa sọ nípa ooru, nípa àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí Noah fi kú.

Èèyàn mọ́kànlá ló wá síbi ìsìnkú. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà níbẹ̀. Nígbà tí ìdìbò dé lọ́dún náà, Simbiat nìkan ló lọ dìbò. Ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì nígbà tó dé, oúnjẹ ti tutù níwájú rẹ̀.

“Bàbá Nusaiba, ẹ ò jẹun?”

“Èmi àti Noah ò parí ọ̀rọ̀ náà,” ni Làtífù wí. “Ó fẹ́ bá mi sọ ọ́, mi ò gbé fóònù.”

Simbiat fa àga, ó jókòó tì í.